Ta Ni Ń Tọ́ Ọmọ Mùsùlùmí ní Jẹ́lé-ó-sinmi?

 

Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́, tí ènìyàn bá dúró ní Oníkan, nítòsí Mùsíọ́ọ̀mù tí a ṣí ní 1957, yóò rí àwọn ìyá tí wọ́n ń sáré. Òmíràn pọn ọ̀kan sẹ́yìn, ó fa èyí tí ó ń rìn lọ́wọ́, ó tún gbé àpò oúnjẹ kọ́ apá. Àwọn kan ń lọ sí Marina àti Broad Street, àwọn kan sí ọjà Balógun àti Ìdúmọ̀tà, àwọn mìíràn sí Ìkòyí. Ọmọ kò lè bá wọn dé ibi iṣẹ́. Ibi tí wọn yóò ti fi í sílẹ̀ ni ilé kan tí a ya àwòrán ẹja àti labalábá sí lára ògiri, tí àǹtí kan sì dúró sí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀. Ìyá a juwọ́, ọmọ a ké, ilẹ̀kùn a sì tì.

Jẹ́lé-ó-sinmi ni Yorùbá sọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà dùn ún pè, ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò, ó fi èrò àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ hàn. Ilé ni ó yẹ kí ó sinmi lọ́wọ́ ariwo ọmọ. Orúkọ náà kò sọ ohun kan nípa ọmọ fúnra rẹ̀: ohun tí ó ń jẹ, ohun tí ó ń gbọ́, ẹni tí ó gbé e mọ́ra nígbà tí ó ń sunkún. Ìbéèrè tí ó sì yẹ kí ó gba àwọn Mùsùlùmí Èkó lọ́kàn ni pé, ta ni àǹtí tí ó dúró sí ẹnu-ọ̀nà yẹn? Níbo ni ó ti kọ́ṣẹ́?

Ní ibi púpọ̀, kò kọ́ ọ níbì kankan. Ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni, tí ó ń dúró de ìgbà tí yóò wọ yunifásítì tàbí tí yóò rí iṣẹ́ mìíràn. Ó lè jẹ́ ọmọlúàbí, ó sì lè fẹ́ràn ọmọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ti ń tẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta sùn kí nǹkan má baà dí i ní èémí, bí a ti ń mọ̀ pé ara gbígbóná kan ti kọjá ohun tí a ń fi aṣọ tútù nù, tàbí ìdí tí ọmọ ọdún mẹ́ta kò fi lè mú bírò dáadáa. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, fídíò kan tàn káàkiri, nínú èyí tí olùkọ́ kan ní Ìkòròdú ti ń gbá ọmọ ọdún mẹ́ta létí léraléra nítorí pé kò mọ nọ́ńbà kọ. Ọlọ́pàá mú olùkọ́ náà. Gbogbo ìlú bínú, ìbínú náà sì rọlẹ̀. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ó wo ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ti kọ́ nípa bí ọmọdé ṣe ń dàgbà yóò mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta kò tí ì gbó tó ohun tí a ń fi ìgbátí béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Yanrìn, amọ̀ àti páálí tí a ń fà ya ni ó yẹ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ bírò tó dé.

Kí àwọn onílé-kéwú má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Àwọn àlùfáà kan ṣì wà tí wọ́n gbà pé pàṣán ni kọ́kọ́rọ́ álífù. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí a nà nítorí pé ó pe bá'u ní tá'u yóò mọ bá'u bó pẹ́ bó yá, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, ìbẹ̀rù náà ni yóò sì máa so mọ́ Àlùkùránì nínú ọkàn rẹ̀. Èyí kò sí nínú sùná. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, gbé Umamah ọmọ Zainab, ọmọ-ọmọ rẹ̀, dání lórí ìrun. Nígbà tí ó ń ṣe ìmámù, bí ó bá gbọ́ igbe ọmọ ọwọ́, a máa gé ìrun kúrú nítorí ìyá tí ó wà lẹ́yìn. Nígbà tí al-Aqra' ọmọ Habis rí i tí ó fẹnu ko Hasan lẹ́nu, tí ó ní òun bí ọmọ mẹ́wàá, òun kò sì fẹnu ko ọ̀kan rí, èsì tí Ànábì fún un ni pé ẹni tí kò ní àánú kò ní rí àánú gbà.

Ànábì fúnra rẹ̀ kọjá lọ́wọ́ àwọn alágbàtọ́. Halimah ará Banu Sa'd fún un lọ́mú ní ìgbèríko. Baraka, ẹni tí a mọ̀ sí Umm Ayman, ni ó tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú lójú ọ̀nà, Ànábì sì kà á sí ìyá títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó ṣòro láti mọ ibi tí àwọn Mùsùlùmí kan ti wá rí èrò pé iṣẹ́ ẹni tí ó rẹ̀yìn ni iṣẹ́ títọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Èrò náà sì wà, ó lágbára. King's College kò jìnnà sí Oníkan. Àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Èkó ni a ti dá MSSN sílẹ̀ ní 1954, akẹ́kọ̀ọ́ King's College sì ni Abdul-Lateef Adegbite, ààrẹ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, àwọn agbẹjọ́rò àti dókítà ni àwọn Mùsùlùmí ṣe aláìní, ìyẹn ni gbogbo ènìyàn sì ń lé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Adegbite di agbẹjọ́rò, ìlú sì jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti yí. Lónìí, bí ọmọbìnrin kan bá dìde nínú ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní òun fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ọmọdé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀rín ni yóò gbà. Wọn yóò bi í bóyá ó nílò kọ́lẹ́ẹ̀jì kí ó tó mọ ọmọ pọ̀n. Àwọn tí ó ń rẹ́rìn-ín náà ni yóò fi ọmọ tiwọn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bá lẹ́nu-ọ̀nà.

Àwọn àgbà yóò rántí pé irú àṣìṣe yìí ti ṣẹlẹ̀ rí ní Èkó yìí kan náà. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Mùsùlùmí ń bẹ̀rù ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́n, nítorí pé ọmọ tí ó bá wọlé pẹ̀lú orúkọ Sùlè lè jáde pẹ̀lú orúkọ Sámúẹ́lì. Ní 1896 ni ìjọba Gómìnà Carter, pẹ̀lú akitiyan Edward Blyden, dá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún àwọn Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó, Idris Animashaun sì wà lára àwọn tí ó kọ́ni níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1923 ni a dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí Alákoro àti sí ibi púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tí àwọn aṣáájú wọ̀nyí tètè rí ni pé ilé kò ṣòro ún kọ́ tó olùkọ́. Ògiri kì í kọ́mọ. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ náà fi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ọ̀tà.

Ọgbọ́n yẹn kò tí ì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́fà. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ní girama, àwọn kan tilẹ̀ ti ní yunifásítì. Ní jẹ́lé-ó-sinmi, oníkálukú ló ń ṣe é bí ó ti bá a. Nítorí náà ni ọmọ Alhaji ṣe ń dé ilé pẹ̀lú orin ìjọ mìíràn lẹ́nu kí ó tó mọ Fátíà. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn oníjọ tí ó dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì kọ́ ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò ní ilé kò gbọdọ̀ bínú sí ẹni tí ó gbà á sílé.

Ọ̀nà jínjìn pàápàá ní ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́. Láti àwọn ọdún 1950 lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó, tọkọtaya tí ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń kàwé lálẹ́, ni kò rí ẹni tí yóò bá wọn tọ́jú ọmọ. Wọ́n gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn àwọn olùtọ́jú ọmọ tí a ń pè ní Nursery World, wọ́n sì fi ọmọ fún àwọn ìdílé Òyìnbó ní Kent, Sussex àti àwọn ìgbèríko mìíràn, wọ́n ń san owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nínú àwọn alágbàtọ́ náà, àwọn kan ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan dàgbà láìgbọ́ Yorùbá rárá, tí wọn kò mọ àlùwàlá, tí wọ́n sì ń sá fún ìyá tí ó bí wọn nígbà tí ó wá mú wọn. Kì í ṣe pé àwọn òbí wọ̀nyẹn kò fẹ́ràn ọmọ. Ìwé-ẹ̀rí ni wọ́n ń wá, kò sì sí ètò kankan tí àwọn ènìyàn wọn ṣe sílẹ̀ fún ọmọ ọwọ́.

Yóò sì jẹ́ ohun ìyanu bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ìyá jókòó sílé, kí ọ̀rọ̀ tán. Àwọn tí ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹni tí ń san owó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Obìnrin Èkó ti ń ṣòwò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni ìyá àgbà. Láyé àtijọ́, nínú agbo ilé, ìyá ọkọ tàbí ìyàwó àgbà ni ó ń gba ọmọ mọ́ra. Lónìí, ìyá àgbà ti kó lọ sí Ìkòròdú tàbí Ìgbógbó, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ní ṣọ́ọ̀bù. Òfin iṣẹ́ pàápàá kò dúró de ọmú: ọ̀sẹ̀ 12 péré ni ó fún aboyún tí ó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aládàáni, 6 ṣáájú ìbímọ, 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe dáadáa ní 2014, ó fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní oṣù 6 fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún bàbá ní ọjọ́ 10. Ìjọba àpapọ̀ sọ tirẹ̀ di ọ̀sẹ̀ 16 ní 2018. Ìyá tí ó ń ta aṣọ ní Balógun kò ní ìsinmi kan tí ẹnikẹ́ni kọ sílẹ̀ fún un. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni òmíràn nínú wọn ń gbé wá sí ẹnu-ọ̀nà yẹn.

Ọ̀nà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà wà, kò sì fara sin. Ní 1989 ni a dá àjọ tí ń ṣe àkóso àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni sílẹ̀, láti 1998 sì ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti sọ pé NCE ni ìwé-ẹ̀rí tí ó kéré jù lọ fún olùkọ́. Nínú ìlànà tí àjọ náà gbé jáde ní 2012, ó ya ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọdé sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka tí ó dá dúró. Ọdún 3 ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò. Yóò kọ́ bí ọmọ ti ń dàgbà láti inú oyún, oúnjẹ tí ó yẹ ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, àìsàn ọmọdé àti ìtọ́jú ojú-ẹsẹ̀, eré, orin àti àlọ́, bí a ti ń fi páálí, ìgò àti èèpo àgbọn ṣe ohun ìṣeré, bí a ti ń mọ ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan láti lọ kọ́ni lójú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ìlànà 2013 sọ iye ọmọ tí ó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan: ọmọ 10 ní ibi ìtọ́jú ọmọ ọwọ́, 25 ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ 3 péré ni a gbà fún ẹnì kan bí wọn kò bá tó ọdún méjì. Ẹni tí ó bá ti wo inú yàrá kan ní àdúgbò rẹ̀ kí ó ka iye orí tí ó wà níbẹ̀.

Fún ọ̀dọ́ tí ó ń gbé ní Oníkan tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ náà kò sí ní ìlú òkèèrè. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adeniran Ogunsanya tí ó wà ní Ìjànikin àti ti Michael Otedola ní Nóforíjà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ ni ìjọba Èkó pa pọ̀ ní 2022 tí ó sì sọ di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin ń gbé ènìyàn láti Marina dé Mile 2, bọ́ọ̀sì ni yóò sì gbé e dé Ìjànikin láti ibẹ̀. Ẹni tí ó ní NCE lè tẹ̀ síwájú gba dìgírì. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tí ó dá lórí ẹ̀kọ́ ọmọdé. Ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú jẹ́lé-ó-sinmi, tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, lè gba ọ̀dọ̀ NTI, tí a dá sílẹ̀ ní 1976, èyí tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ láìjẹ́ kí wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin pàápàá lè kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ń tijú rẹ̀ kí ó rántí ẹni tí ó gbé Umamah lórí ìrun.

Ẹ̀kọ́ yìí ní ohun kan tí ó ṣe pàtàkì fún àwọn tí ń dáàbò bo èdè. Aliu Babatunde Fafunwa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó àti Mùsùlùmí, tí a bí ní 1923, ọdún kan náà tí a dá Ansar-ud-Deen sílẹ̀, ni ó ṣáájú ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ní 2022, ó sì kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé òun ti wọ́gi lé e. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì kì í ka ìkéde ìjọba. Èdè tí ó gbọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni yóò fi sọ pé inú ń run òun. Àǹtí tí kò kọ́ṣẹ́ a máa kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ bá sọ Yorùbá, a sì máa fi Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ mọ̀ pé àlọ́ ìjàpá, orin ìbùṣeré àti ìtàn Ànábì Nuhu lè kún ẹnu ọmọ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, tí Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní pàdánù ohun kan.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí a fi pamọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Owó iṣẹ́ yìí kò tó nǹkan. Owó oṣù tí ó kéré jù ní Nàìjíríà di ẹgbẹ̀rún 70 náírà ní 2024, ọ̀pọ̀ àǹtí ní jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni ni kò sì rí iye yẹn gbà. Ó ṣeni láàánú pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀sìn wà lára àwọn tí ń san owó kékeré, tí wọ́n sì ń fi "làdá rẹ ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun" dí ìyókù. Suratul-Baqarah, níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ ọdún méjì tí ọmọ fi ń mu ọmú, gbà kí òbí fi ọmọ fún alágbàtọ́, ó sì fi í ṣe àdéhùn pé kí ó san ohun tí ó bá tọ́ fún un. Owó alágbàtọ́ wà nínú Àlùkùránì. Ẹni tí ó bá ń jẹ ẹ́ kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Èyí ni ó sì mú ọ̀rọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ka àti àwọn alága wọn. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ilé àríyá tí ó wà ní Oníkan àti àyíká rẹ̀ kì í ṣófo. Wòlímọ̀, ìgbéyàwó àti ìsìnkú ń tò tẹ̀lé ara wọn, aṣọ ẹbí ń yí padà. Bí ìdílé mẹ́wàá nínú ẹ̀ka kan bá gbà láti yọ owó aṣọ ẹbí ẹyọ kan sílẹ̀, yóò gbé ẹrù owó ilé-ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan dé ibi tí ó jìn. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní Èkó yan ọ̀dọ́ méjì lọ́dún, kí ó san owó wọn, kí wọ́n sì kọ̀wé pé àwọn yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ní jẹ́lé-ó-sinmi ẹgbẹ́, ní owó oṣù tí kò rẹlẹ̀ sí ti ìjọba. Àwọn àlùfáà ilé-kéwú tí kò ní àyè kọ́lẹ́ẹ̀jì lè jókòó pẹ̀lú àwọn tí ó bá kọ́kọ́ jáde fún àwọn ọjọ́ Àìkú díẹ̀, kí wọ́n kọ́ bí a ti ń fi eré àti orin kọ́ álífù. Kò pọn dandan kí a dúró de ilé tuntun. Yàrá ìsàlẹ̀ mọ́ṣáláṣí tí a máa ń tì láti Jímọ̀ dé Jímọ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀, bí a bá lè fi àwọ̀n sí fèrèsé rẹ̀, kí omi sì wà níbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù JAMB kì í pẹ́ lórí àtẹ. Ó yẹ kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti ní orúkọ ẹni méjì náà lọ́wọ́ kí títà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.